Cranberry (ìtàkùn tó ń so èso pupa kéékèèké) inú ọgbà: ewé ń pọ́n, èso ò yọ

Ìbéèrè: Ewé cranberry mi ti pọ́n rúsúrúsú, àmọ́ iṣan ara rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo fi ajílẹ̀ sí i títí, kò gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ dá ajílẹ̀ dúró ná. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò rí i jẹ ni. Irin ni kò rí fà, torí pé ilẹ̀ yín kò kan tó. pH ni wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. pH 4 sí 5.5 ni cranberry ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀ sábà máa ń wà ní 6 sí 7. Ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ sì wọn omi tí ẹ ń bu sí i pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá ń kó ẹfun wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹfun sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín wò: bí nǹkan funfun bá le mọ́ ọn, omi náà nìyẹn. Omi òjò ni kí ẹ máa lò.

Imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú máa ń mú ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ojú ò rí nínú ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ń gbà wọ́n lóṣù mélòó kan. Ẹ má tún bù sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ìkánjú. Ní ti eérú, kó má débẹ̀ rárá, òun náà ń dín kíkan ilẹ̀ kù.

Ìbéèrè: Mo rí fídíò tí èso rẹ̀ ti ń léfòó lórí omi. Mo wá sé omi mọ́ tèmi, ó sì ń kú lọ.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí omi náà ṣàn jáde lónìí. Ìgbà ìkórè ni wọ́n ń ya omi sínú oko bẹ́ẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ mẹ́rin tó wà nínú èso ló ń gbé e léfòó. Wọ́n tún ń fi omi bò ó nígbà òtútù kí yìnyín má baà pa á. Ní àsìkò tó ń dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ tí kò jìn ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá bu ilẹ̀ rẹ̀ tí ẹ fún un lọ́wọ́, kó tutù, kí omi má kán.

Ìbéèrè: Ìtàkùn ti bo gbogbo ebè, kò so.

Ìdáhùn: Bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ ní sùúrù. Bó bá ti pé, ajílẹ̀ onínáítírójìn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìtàkùn nìkan ló ń bọ́. Ẹ̀ka kéékèèké tó nàró láti ara ìtàkùn ló ń so, kì í ṣe ìtàkùn fúnra rẹ̀. Ẹ fọ́n yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ lé ìtàkùn lórí, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, yóò ta gbòǹgbò, ẹ̀ka yóò sì yọ. Ẹ má gé e láti orí dé ìdí: ìrudi tọdún tó ń bọ̀ ti wà lórí ẹ̀ka kí òtútù tó dé. Níbi tí kò bá sì sí òtútù tó pẹ́, kò ní tanná, ohun yòówù tí ẹ ì báà ṣe.

Ìbéèrè: Ewé rẹ̀ di pupa dúdú bí òtútù ṣe dé. Àrùn ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ooru bá padà, yóò tún padà sí àwọ̀ ewé.