Bí ẹ ṣe lè mọ ipò awakọ̀ láti ara ọkọ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ ìwakọ̀ rẹ̀

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe. Mo lè wọ abẹ́ ọkọ̀ olówó láàárọ̀, kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ ẹni tó yáwó ra epo nírọ̀lẹ́, n kò sì tíì rí abẹ́ ọkọ̀ tó ń purọ́. Òkè ló ń purọ́. Bí oníbàárà tuntun bá wọlé, àmì iwájú ọkọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ́kọ́ ń wò. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ Mercedes, wọ́n á sáré gbé àga síta, "ẹ káàbọ̀ sà" á sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n á ní kí bàbá náà ṣe sùúrù díẹ̀. Ohun tí ọlọ́kọ̀ fẹ́ ká máa fi ojú rẹ̀ wo òun ni àmì iwájú ń sọ. Kò sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń mọ ipò awakọ̀: bí ọkọ̀ yìí bá kọṣẹ́ lónìí, owó ta ni wọn yóò fi tún un ṣe, ṣé yóò sì dun onítọ̀hún? Àwọn kan wà tí kò ní dùn rárá, àwọn kan wà tí yóò dùn ṣùgbọ́n tí wọ́n á san án, àwọn kan sì wà tí gbogbo oṣù wọn yóò dàrú. Ẹ kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọkọ̀ á dá yín lóhùn, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Lára táyà, ẹ ó rí lẹ́tà DOT pẹ̀lú àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí táyà náà: bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. (Nígbà mìíràn ojú inú ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i.) Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ orúkọ kan náà, tí ọjọ́ ìbí wọn ò sì jìnnà síra, ẹni yìí lè kó owó ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ orúkọ mẹ́rin àti ọdún mẹ́rin, ìgbà tí ọ̀kan bá bẹ́ ló ń ra òmíràn. Bí owó rẹ̀ ṣe ń wọlé ní ẹyọ ẹyọ náà ló ṣe ń ra táyà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ jù ni jíìpù ńlá tí ojú táyà rẹ̀ ti jẹ tán. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ní jíjìn ìlà ojú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 1.6. Jíìpù tí mò ń wí yìí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra táyà rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń dán bí àwo. Ẹni yẹn rówó ra ọkọ̀, kò rówó tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn táyà, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ti fara gbá nǹkan rí. Kò sí ọkọ̀ tí kì í farapa, ohun tí wọ́n ṣe sí ojú ọgbẹ́ ni kí ẹ kà. Bí ibi tó tẹ̀ wọnú bá ti dógùn-ún, owó ò tíì sí láti ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá ti kùn ún, àmọ́ tí ọ̀dà náà fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọlọ́kọ̀ bìkítà, ṣùgbọ́n ó ná ọjà dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó kùn ún. Bó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ olówó gọbọi ni nǹkan ha lára, tí ìlà náà gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ó sì ń wà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹni yẹn ò ka ọkọ̀ sí nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀, iná orí dáṣíbọọ̀dù ni kí ẹ wò. Mo ti rí ẹni tó fi téèpù dúdú bo iná ẹ́ńjìnì kí ojú rẹ̀ má baà máa rí i. Géèjì epo ni kí ẹ má tètè gbàgbọ́. Ẹni tó ń ra epo díẹ̀díẹ̀ nítorí owó, abẹ́rẹ́ géèjì rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé dírẹ́bà ni yóò lọ ra epo náà kì í wo géèjì, títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ kú sọ́nà. Géèjì kan náà, ipò méjì.

Ẹ ó ní kí wá ni iṣẹ́ àmì iwájú. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa pín èèyàn sí ìpele ni. Henry Ford gbé Model T jáde ní 1908, ó fẹ́ kí ọkọ̀ kan náà tó ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, Alfred Sloan tó jẹ́ ọ̀gá General Motors to ọkọ̀ tirẹ̀ ní ìpele ìpele, Chevrolet nísàlẹ̀, Cadillac lókè pátápátá, Buick àti àwọn mìíràn láàárín, kí ẹni tí owó rẹ̀ bá lé sí i lè máa gòkè láì kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Lexus LX àti Toyota Land Cruiser, ilé iṣẹ́ Toyota ló ni méjèèjì, egungun kan náà ni wọ́n. Awọ ìjókòó, ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀ àti orúkọ ni ẹ ń san àfikún owó fún. Orúkọ sì lágbára o. Volkswagen gbé Phaeton jáde ní 2002, ọkọ̀ ọlọ́lá gidi, tó jẹ́ pé òun àti Bentley Continental GT jọ ní ìpìlẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ olówó wo àmì Volkswagen iwájú rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ní 2016, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é.

Nítorí náà, ẹ yí lọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà irú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ búùtù (kì í ṣe nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) ló yẹ kó sọ irú ẹ́ńjìnì tó wà níwájú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ra nọ́ńbà ńlá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun lè sọ fún ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n má lẹ nọ́ńbà kankan mọ́ tòun. Ẹnì kan ra kékeré ó lẹ ńlá, ẹnì kan ra ńlá ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń gba owó àsansílẹ̀.

Ẹ sì rántí ilẹ̀ tí ẹ dúró sí. Ní Singapore, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sójú títì gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní COE, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1990, tí agbára rẹ̀ sì ń tán lẹ́yìn ọdún 10. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, owó ìwé náà ti ju iye owó ọkọ̀ kékeré fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà Toyota Corolla níbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ mẹ̀kúnnù. Ní Jámánì, Mercedes tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń tìtorí rẹ̀ gbé àga, takisí ni. Ní Ṣáínà, Audi àti BMW ń ta ọkọ̀ tí wọ́n fà gùn ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹni tó ni ín ń jókòó.

Ìjókòó gan-an, ẹ̀rí ni. Ọ̀gá tó ní dírẹ́bà kì í jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà gangan. Igun ẹ̀yìn tó kọjú sí òdìkejì ni tirẹ̀, níbi tó ti lè na ẹsẹ̀, tó sì ti lè rí ẹ̀gbẹ́ ojú dírẹ́bà. Bí ẹ bá rí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí ẹ̀yìn sì ṣófo, ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ni wọ́n. Ẹ wá ṣọ́ dírẹ́bà náà lẹ́yìn tí ọ̀gá bá sọ̀kalẹ̀. Bí ọ̀gá bá wà níbẹ̀, ó ń tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, ó ń dá àyè sílẹ̀ níwájú. Bí ọ̀gá bá ti wọlé tán, ọkọ̀ kan náà á máa fò.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ jù ni ọkọ̀ àtijọ́. Ingvar Kamprad tó dá IKEA sílẹ̀ wa Volvo àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sam Walton tó dá Walmart sílẹ̀ ń fi Ford F-150 tí wọ́n ṣe ní 1979 gbé àwọn ajá ọdẹ rẹ̀ kiri. Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ẹni tí kò rí òmíràn rà? Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dé ojú ìwọ̀n, tí omi ẹ́ńjìnì pé, tí orí bátìrì mọ́, tí ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọkọ̀ sì wà nínú àpò dáṣíbọọ̀dù láì fo ọdún kan, ọkọ̀ àtijọ́ yẹn wu olówó rẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní náà lè tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, mo mọ ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ti ń rí okùn tí wọ́n fi so nǹkan tó yẹ kí bóòtù so.

Ó kù sí ọwọ́ ìwakọ̀, èyí tí ẹ lè kà láti òkèèrè. Ẹ dúró síbi tí kòtò wà lójú títì. Ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ ra sọ́ọ̀kì ti mọ kòtò náà tipẹ́, ó ti ń yà á kí ẹ tó rí i. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ á kó o wọlé gbì, kò ní bojú wẹ̀yìn. Takisí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í sáré lọ bá iná pupa. Á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù láti òkèèrè, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa rọra yí lọ, nítorí epo àti bíréèkì, ara èrè rẹ̀ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ pé olówó kì í yà fún ẹnikẹ́ni, ẹ má gbé e mì lódindi. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Berkeley ṣọ́ àwọn awakọ̀ ní oríta àti níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: àwọn tó wà nínú ọkọ̀ olówó iyebíye ló ń já lu ẹlòmíràn jù. Iṣẹ́ ìwádìí mìíràn láti Finland, ní 2020, rí i pé àwọn ọkùnrin olóríkunkun tí kì í ro ti ẹnìkejì fẹ́ràn ọkọ̀ ńláńlá ti Jámánì. Ìwádìí kan náà tún rí i pé àwọn tó ń ṣe nǹkan létòlétò, ọkùnrin àti obìnrin, fẹ́ràn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí nìyẹn. Oníbàárà mi tó ń tọ́jú ọkọ̀ jù àti èyí tó ń bú ọmọ iṣẹ́ mi jù, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó gba àyè méjì ní ìpẹ̀kun ọgbà, jìnnà sí gbogbo èèyàn, ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n á ha ọkọ̀ òun. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó gba àyè méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ní 2008, wọ́n ta nọ́ńbà "1" ní Abu Dhabi ní mílíọ̀nù dírámù 52.2. Ibi tí wọ́n bá ti ń ta nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni kí ẹ ṣe yàgò tó.

Ẹ tún wo ìwà wọn níwájú kámẹ́rà tó ń mú eré àsápajúdé. Níbi tí owó ìtanràn bá ti jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, ó lè jẹ oúnjẹ oṣù kan mọ́ ẹnì kan lẹ́nu, kó sì jẹ́ owó ọ̀nà lásán fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Finland fi ń wo owó tó ń wọlé fún awakọ̀ kí wọ́n tó bu ìtanràn fún un. Ní 2002, wọ́n bu owó tó lé ní Yúrò 100,000 fún Anssi Vanjoki, ọ̀gá kan ní Nokia, nítorí pé ó gun alùpùpù ní kìlómítà 75 níbi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ kọjá 50. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò sí, ẹni tó ń dẹ eré kí kámẹ́rà tó yọ lẹ ó kà sí ẹni tí owó ṣì ń dùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè da gbogbo ìwádìí yín rú: ẹni tó háyà ọkọ̀ tàbí tó yá a. Táyà á dára, ọ̀dà á dán, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n níbi tó bá ti fẹ́ yà sápá kan. Wáípà á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì nínú oòrùn, torí pé ibi tí ọ̀pá tráfíkátọ̀ wà nínú tirẹ̀ nílé yàtọ̀ sí ti èyí. Ẹ dẹ eré díẹ̀ kó rí àyè yà.