Kí Ẹ Tó Sanwó Yàrá: Bí A Ṣe Ń Yan Ibi Tí A Ó Sùn fún Àpéjọ Géèmù Ńlá l'Ékòó

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ díje Tekken, géèmù ìjà kan, l'Ékòó, Maryland ni mo dé sí. Yàrá náà mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ kò gani lára, dòdò àti ẹyin tí wọ́n ń gbé fúnni láàárọ̀ sì dùn. Victoria Island ni ìdíje náà wà, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì bọ́ sí. Aago méje àárọ̀ ni mo ti jáde pẹ̀lú báàgì PlayStation lẹ́yìn mi, mo rò pé mo ti tètè. Nígbà tí ọkọ̀ wa máa fi kúrò lórí Third Mainland Bridge, aago mẹ́wàá ti kọjá. Ọmọkùnrin tó ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, a ti fi ẹlòmíì dí àyè yín."

Mo jókòó wo àwọn tó ń gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì tún gba orí afárá yẹn kan náà padà lọ sùn.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè iye tí yàrá jẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé afárá mélòó ló wà láàrin bẹ́ẹ̀dì mi àti gbọ̀ngàn. Bí mo ṣe ń yan ibi tí mo ń sùn rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn gan-an

Orúkọ àdúgbò nìkan kò tó. Lagos Comic Con, tó ti wà láti ọdún 2012, tí àwọn onígéèmù sì máa ń rọ́ lọ sí, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Landmark Centre ní Oniru. Àwọn ayẹyẹ ńlá mìíràn máa ń lọ sí gbọ̀ngàn tó wà nínú ọgbà Eko Hotel. Victoria Island ni wọ́n ń pe ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì lọ́sàn-án gangan, kó gbé mọ́nítọ̀ sórí, yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀.

Àwọn olùṣètò lè yí gbọ̀ngàn padà, nítorí náà ẹ má san owó tí kò ṣeé gbà padà kí wọ́n tó kéde ibi àti ọjọ́. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ẹ ṣí Google Maps, ẹ fi ibi tí ẹ fẹ́ sùn sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi gbọ̀ngàn sí òpin, kí ẹ sì yan ọjọ́ àti aago tí ẹ máa jáde gan-an. Ẹni tó bá wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú á rí ogún ìṣẹ́jú, á sì gbà á gbọ́. Ìpolówó tó kọ "ìṣẹ́jú márùn-ún sí VI" kò parọ́ o. Aago méjì òru ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń lọ sí Gen Con, àpéjọ géèmù ńlá kan ní Indianapolis, lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ọ̀nà olórùlé so mọ́ gbọ̀ngàn lókè títì, kí wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin láìjẹ́ pé òjò kàn wọ́n. Títì ni gbogbo wa máa gbà l'Ékòó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka afárá

Ọ̀sà ló pín Mainland níyà sí Island. Afárá mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀: Carter Bridge, Eko Bridge, àti Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Bí mọ́tò kan bá kú sáàrin èyí tó gùn yẹn, kò síbi tẹ́ ẹ lè yà sí. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Láàárọ̀, Island ni gbogbo ayé ń dojú kọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún dà padà. Ẹni tó sùn sí Mainland nítorí àpéjọ tó wà ní Island á bá èrò lọ, á bá èrò bọ̀. Bó bá jẹ́ Ikeja ni àpéjọ yín wà, tí ẹ sì sùn sí Island, èrò ń bọ̀ ni, ẹ̀yin ń lọ. Ara á tù yín díẹ̀.

Èmi ò tún jiyàn rẹ̀ mọ́: apá ibi tí gbọ̀ngàn wà ni kí ẹ sùn. Bí àpò kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ojú irin gbà yín lọ́wọ́ títì. Láti oṣù September 2023 ni Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Marina. Ó gba Suru-Alaba, Orile Iganmu àti National Theatre, ojú irin tirẹ̀ ló sì ń gbà kọjá omi, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó kàn án. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ẹ ti ra tiyín kó tó di ọjọ́ àpéjọ. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Marina, ẹ máa wọ dánfó tàbí kí ẹ pe mọ́tò lọ sí Victoria Island. Ṣùgbọ́n àṣekágbá ìdíje géèmù kì í tètè parí. Ẹ béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń gbéra. Èmi máa ń wọ ojú irin lọ láàárọ̀, kí n pín owó mọ́tò pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta bọ̀ lálẹ́, nígbà tí títì ti dá.

Ẹ má ṣi Red Line mú fún Blue Line. Agbado ni Red Line ti ń bọ̀, ó gba Agege, Ikeja àti Oshodi, Oyingbo ló sì parí sí. Kò kọjá omi. Mo ti rí ẹnì kan tó gba yàrá ní Ikeja tìtorí pé "ojú irin wà", tó wá bá ara rẹ̀ ní Oyingbo tó ń wá ọkọ̀ Obalende.

Ẹ má sì fi ọ̀kadà ṣètò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù June 2022 ni wọ́n ti fòfin dè é ní Eti-Osa, Lagos Island, Lagos Mainland, Surulere, Ikeja àti Apapa, Eti-Osa sì ni Victoria Island àti Lekki wà.

Àdúgbò wo?

Oniru àti àárín Victoria Island ló wọ́n jù. Bẹ́ ẹ bá ń díje fún ọjọ́ méjì, mo rò pé ó tó owó rẹ̀. Láàrin ìdíje àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ẹ lè padà lọ sùn fún wákàtí kan, kí ẹ wẹ̀, kí ẹ fi fóònù sí iná. Ẹni tó kàn fẹ́ wòran lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀.

Lekki Phase 1 ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ti máa ń gba shortlet, ilé tí wọ́n ń yá fúnni fún ọjọ́ díẹ̀, pọ̀. Kò jìnnà sí Oniru, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kì í ṣeré, pàápàá ní June, July, àti láàrin September sí October. Ẹ má bi onílé bóyá omi máa ń dúró ládùúgbò náà, torí ó mọ ìdáhùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ohun tí àwọn àlejò kọ sílẹ̀ nínú oṣù òjò ni kí ẹ kà. Bí ilé bá wà nínú ẹ́sítéètì, onílé ní láti fi kóòdù ránṣẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì. Bí ẹ bá dé ní aago méjìlá òru tí fóònù onílé sì ti kú, ẹ̀yin àti ẹ̀fọn lẹ jọ máa jókòó níta. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní "Lekki" nínú ìpolówó lè gùn dé Ajah. Ẹ béèrè orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Chevron tàbí ibi tó kọjá rẹ̀, kò sí afárá lóòótọ́, ṣùgbọ́n títì Lekki-Epe láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lè ṣe yín ní ohun tí afárá ń ṣe fúnni.

Obalende ni mo fẹ́ràn jù. Kò lọ́ṣọ̀ọ́, ariwo rẹ̀ kì í sùn, àwọn ilé ìtura ibẹ̀ kéré. Àmọ́ ọkọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀, sọ́yà wà lóru, mọ́tò tó ń lọ sí Ajah láti ibẹ̀ sì ń gba Ozumba Mbadiwe kọjá, ẹ̀gbẹ́ Victoria Island gan-an. Ẹ kàn mú ohun tí ẹ máa fi dí etí.

Yaba yẹ ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn, torí Alágoméjì ló máa já a sí. Afárá kan ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà Adekunle tó bọ́ sórí Third Mainland kò sì jìnnà. Ikeja àti Maryland? Àfi tí ẹ bá ní ọkọ̀ òfuurufú láti wọ̀ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì.

Ilé àǹtí yín ní Surulere

Ọ̀fẹ́ ni, mo mọ̀. Oúnjẹ á wà, wọn ò sì ní bi yín léèrè owó iná. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè dé, kí ẹ jù báàgì sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹ máa gbé búrẹ́dì dání, ẹ máa kí gbogbo ilé, ẹ máa jókòó ròyìn bí màmá yín ṣe wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ìdíje yín bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n lè ní kí ẹ bá àwọn ọmọ gbé omi wọlé ná. Àǹtí tèmi máa ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, kò sì yé e rárá pé àgbàlagbà lè máa gbá géèmù di òru. "Géèmù kẹ̀? Ìwọ tó o ti ń wá ìyàwó?" Bí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ kí wọn tẹ́rùn, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ máa padà kó tó di pé ẹ pẹ́.

Ohun tó yẹ kí onígéèmù béèrè lórí fóònù

"Ṣé iná wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà?" ìbéèrè yẹn kò wúlò. "Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni, sà," ni gbogbo wọn máa ń sọ. Ẹ béèrè pé, "Aago mélòó lẹ máa ń pa jẹnẹrétọ̀?" Ẹ máa gbọ́ òtítọ́. Bó bá jẹ́ inverter ni wọ́n ń lò, ẹ béèrè bóyá AC wà lórí rẹ̀. PS5 kò ju bí 200 wáàtì lọ lẹ́nu géèmù, inverter gidi á gbé e. AC ló máa ń já a lulẹ̀. Ẹ sì béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí wọ́n má fún yín ní yàrá tó dojú kọ ọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mo sùn, wọ́n ti kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi kò wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí wá ihò rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, mo kàn án, rìmóòtù ò tún gbà kí n yípadà sí i, wọ́n ti tì í pa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ díje láìṣe ìdánrawò kankan. Nísinsìnyí, mo máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á rò pé orí yín ò pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó.

Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń gbé ojú ewé kan jáde pé kí ẹ kọ nọ́ńbà yàrá kí ẹ tó wọlé, èyí sì máa ń da kọ̀ǹsólù láàmú. Ẹ ra dátà sórí fóònù yín, kí ẹ bi wọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń gbé dáadáa nínú yàrá, kì í ṣe nísàlẹ̀ ní rìsẹ́pṣọ̀n.

Owó àti ẹrù

Bí wọ́n bá dárúkọ 60,000 náírà, ẹ bi wọ́n bóyá owó orí wà nínú rẹ̀. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní tirẹ̀ tó jẹ́ ìdá 5. Yàrá náà ti di 67,500. Shortlet tún máa ń gba owó ìdúró tí wọ́n á dá padà bí nǹkan kan kò bá bàjẹ́. Ẹ fi fóònù ya fídíò gbogbo yàrá kí ẹ tó jókòó, títí kan ife. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ sọ iye yín fún onílé, kí ẹ sì pinnu ẹni tó máa sùn sórí àga kí ẹ tó sanwó. Ìjà tí èyí máa ń dá sílẹ̀ lóru ju ti géèmù lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe cosplay, tẹ́ ẹ máa ń múra bí ẹ̀dá inú géèmù, aṣọ yín ló máa yan yàrá fún yín. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fóòmù ṣe ìyẹ́ apá tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn dánfó lọ. Kọ́ndọ́kítọ̀ wò ó, ó wo ìyẹ́ náà, ó ní, "Ẹni méjì ni yín, ẹ máa san owó ẹni méjì." Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ dání, ibi tó ti lè fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn ni kó sùn, tàbí kó wá ọ̀rẹ́ tó ní mọ́tò ńlá.

Bí ẹ bá ti dé yàrá, ẹ má tíì tú aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹsólù jáde, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan AC, kí ẹ gbá eré kan parí. Bí ohunkóhun bá kọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí yàrá mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tó bá fi di alẹ́, àwọn onígéèmù yòókù á ti kún ibẹ̀.