Ẹyẹ Finch Mi Ń Kú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Sin Ẹyẹ Kékeré àti Ẹran Ọ̀sìn Tí Kò Wọ́pọ̀

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbà láti ọdún dé ọdún, ẹnu tó ń bi í nìkan ló ń yàtọ̀. Ẹni tó ra ẹyẹ finch méjì lọ́jọ́ Sátidé yóò wá mi wá lọ́jọ́rú pé ọ̀kan ti kú, èkejì sì ti ká jọ sójú kan bí òwú. Kí n tó béèrè ohun tó ń fún wọn jẹ, yóò ti sọ fún mi pé òun ti po oògùn adìẹ sínú omi wọn. Ẹyẹ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀gà, kì í sì í ṣe ológoṣẹ́, bó tilẹ̀ jọ wọ́n. Irú tí àwọn ènìyàn ń sìn jù ni zebra finch, ẹyẹ Ọsirélíà tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 12, àti Gouldian finch aláwọ̀ mèremère, tí òun náà ti àríwá Ọsirélíà wá. Ẹ fi giráàmù 12 yẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, nítorí òun ló fà á tí àṣìṣe tí adìẹ kò ní mọ̀ lára fi ń pa finch.

Ìbéèrè: Oúnjẹ kún inú àwo ẹyẹ mi dẹ́nu, síbẹ̀ ó rù, ó sì kú. Kí ló pa á?

Ìdáhùn: Ebi ni. Finch kì í gbé hóró mì tèèpo-tèèpo. Ó máa ń bó o, yóò jẹ ti inú rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí èèpo já bọ́ padà sínú àwo, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ kan, èèpo òfìfo ni ẹ̀ ń wò tí ẹ ń pè ní oúnjẹ. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ: èyí tó bá fò lọ, èèpo ni, èyí tó bá kù sílẹ̀, oúnjẹ ni. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa ṣe é.

Ìbéèrè: Kí gan-an ni kí n máa fún un jẹ?

Ìdáhùn: Jéró oríṣiríṣi àti hóró canary ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tútù tí ẹ fọ̀ dáadáa kún un, àti ẹyin sísè díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tọ́mọ, kí ẹ sì há egungun funfun ẹja cuttlefish mọ́ ara àgò kí wọ́n lè máa họ ọ́ jẹ fún kálísíọ̀mù. Omi mímu lọ́tọ̀, omi ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fún wọn ní píà, ṣokoléètì, àlùbọ́sà, ọtí tàbí ohun oníyọ̀. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ ẹyẹ. Mo ti sọ èyí títí ó fi sú mi.

Ìbéèrè: Ẹyẹ mẹ́ta kú láàárín wákàtí kan, kò sì sí èyí tó ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ta ló ń dáná lọ́jọ́ náà? Páànù tí wọ́n fi PTFE bò nínú kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn máa ń tú èéfín jáde bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Ènìyàn lè má gbóòórùn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò lè gbà á. Ẹ gbé àgò jìnnà sí ilé ìdáná.

Ìbéèrè: Wọ́n ń tu ìyẹ́ orí ara wọn.

Ìdáhùn: Àgò yín kéré, tàbí wọ́n ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, tàbí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi tẹ́ ìtẹ́. Ẹ yé ra àgò tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilé ìṣọ́. Finch kì í fò gòkè tààrà bí hẹlikópítà, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ló ń fò, nítorí náà gígùn àgò lẹ ó wò, kì í ṣe bó ṣe ga tó.

Ìbéèrè: Ó wú ìyẹ́ rẹ̀, ó sì ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Ṣé kí n wò ó di ọ̀la?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, nítorí nínú igbó, èyí tó bá hàn pé ó rẹ̀ ni ẹran apẹran ń kọ́kọ́ gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ẹ gbé e sínú àpótí kékeré tó dákẹ́, kí ẹ mú kí apá kan ibẹ̀ gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí apá kejì tutù díẹ̀ kó lè yan èyí tó wù ú, kí ẹ gbé oúnjẹ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ ti lè tó o, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko lọ lónìí. Ọ̀la tí ẹ ń dúró dè yẹn kì í sábà bá a láyé.

Ìbéèrè: Abo finch mi kò lè bà lé igi mọ́. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, ó ń mí hẹlẹ, ìdí rẹ̀ sì wú.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyin ló há sí i nínú. Èyí sábà máa ń ṣe èyí tí kálísíọ̀mù kò tó lára rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n jẹ́ kó máa yé ẹyin láìsinmi, tàbí èyí tí kò tíì gbó tó láti yé. Ìgbóná tí mo sọ lókè yìí ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ kí ẹyin lè jáde, nítorí bí ẹyin bá fọ́ sí i nínú, ẹ ti pa á. Bí ìgbóná kò bá ràn án lọ́wọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Bó bá yè é, ẹ yọ ìtẹ́ kúrò nínú àgò fún oṣù mélòó kan. Zebra finch tí ìtẹ́ bá wà níwájú rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi.

Ìbéèrè: Ó ń la ẹnu mí, ìrù rẹ̀ ń jó sókè sódò, mo sì ń gbọ́ ohùn kan lóru bí ìgbà tí ènìyàn ń ta èékánná.

Ìdáhùn: Kòkòrò inú ọ̀nà èémí ni mo fura sí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sternostoma tracheacolum, Gouldian finch ló sì fẹ́ràn jù. Oògùn rẹ̀ wà, ivermectin sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀. N kò ní kọ ìwọ̀n kankan síbí, ẹ má bi mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ìjàpá mi rọ̀ nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni mo gbé e sí.

Ìdáhùn: Dígí fèrèsé ló dí i lọ́nà. Ìtànṣán UVB inú oòrùn ni ara ìjàpá fi ń ṣe fítámì D3, òun sì ni kálísíọ̀mù fi ń di egungun. Dígí lásán kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ UVB kọjá, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ kò dé. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn gan-an níbi tí ìbòòji wà nítòsí, tàbí kí ẹ ra gílóòbù UVB. Gílóòbù náà máa ń dẹ́kun láti mú UVB wá kó tó dẹ́kun láti tàn, ẹ sì níláti pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣe é ti wí, bí ojú yín tilẹ̀ sọ pé ó ṣì ń tàn dáadáa. Ẹ̀yìn tó ti rọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ óò dá tọ́jú nílé.

Ìbéèrè: Agẹmọ mi kọ̀ láti mu omi inú àwo. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ agẹmọ ni kò ka omi tó dúró sójú kan sí omi. Ẹ̀kán omi orí ewé ni wọ́n ń lá. Ẹ máa wọ́n omi sára ewé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ojú tó wọnú túmọ̀ sí pé òùngbẹ náà ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Ìbéèrè: Àwọn finch mi ń jẹun, wọ́n ń mu omi, ìgbẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn lóru, àwọn ọmọ wọn kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Mo ti pààrọ̀ oúnjẹ títí.

Ìdáhùn: Èyí ni mo lè fi gbogbo ara dáhùn, nítorí oṣù márùn-ún ni mo fi bá a jà. Mo ní zebra finch mẹ́jọ nígbà náà, tako-tabo mẹ́rin, nínú àgò gígùn kan tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tí mo sì fi ń yangàn fún àlejò. Wọn a yé, wọn a pa, nígbà tó bá sì di ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, n óò bá àwọn ọmọ náà ní òkú nínú ìtẹ́. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé wọ́n yó. Awọ ọrùn ọmọ finch fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn lè rí hóró tí òbí rẹ̀ fi bọ́ ọ gbà á kọjá. Mo ń rí jéró náà ní kíkún lọ́rùn wọn, síbẹ̀ ara wọn tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí ẹfun.

Mo dá oúnjẹ lẹ́bi, mo da odidi àpò jéró nù. Mo dá ológbò aládùúgbò lẹ́bi. Mo dá eku lẹ́bi, mo dẹ pàkúté, kò mú nǹkan kan. Mo po fítámì sínú omi títí omi fi pọ́n bí ọtí. Ẹnì kan ní kí n fi aáyù sí i. Mo fi sí i, ilé ń rùn, ọmọ ẹyẹ ń kú. Ní gbogbo àkókò yìí ni ìyàwó mi ń họ apá lálaalẹ́, ó ní ẹ̀fọn ni, èmi náà sì gbà pé ẹ̀fọn ni.

Nígbà tí mo gbé òkú ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kò bi mí léèrè oúnjẹ rárá. Ó ní, “Ṣé ẹ ti wò wọ́n lóru rí?” Mo ní kí ni n óò máa wò lára ẹyẹ tó ń sùn. Ó ní kí n ta aṣọ funfun bo àgò náà, kí n jí ní nǹkan bí aago méjì òru, kí n sì tan tọ́ọ̀ṣì sára ọ̀pá tí wọ́n ń bà lé.

Ọ̀pá náà ń rìn. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni, ṣùgbọ́n eruku náà ń gba ẹsẹ̀ ẹyẹ gòkè, ó ń wọ abẹ́ ìyẹ́ wọn. Mo fi bébà tẹ ọ̀kan, ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìṣẹ́po aṣọ funfun náà, wọ́n tò jọ bí ata lílọ̀. Iná adìẹ ni, irú pupa tí wọ́n ń pè ní Dermanyssus gallinae, tí kò tóbi ju mìlímítà kan lọ. Kì í gbé ara ẹyẹ lọ́sàn-án bí irú iná mìíràn. Inú ihò igi ló ń sùn, òru ló ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé ẹyẹ yẹ̀ wò lójúmọmọ tí n kò rí nǹkan kan. Ọmọ ẹyẹ tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, tí kò lè kúrò lójú kan, ni wọ́n ń fà gbẹ. Apá ìyàwó mi kò sì kan ẹ̀fọn.

Mo fọ àgò náà lọ́jọ́ kejì, inú mi dùn, mo ní ó ti tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pá tún ń rìn. Bí ibi tí wọ́n wà bá gbóná, láti ẹyin títí di àgbà lè má ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ fún wọn, ebi oṣù mélòó kan kò sì pa wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi híhó. Wọ́n tún padà. Ibi tí wọ́n sá sí kò hàn sí mi títí mo fi fìbínú ṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá oníke tí mo rà, tí mo rí i pé ihò ló wà nínú rẹ̀, àti pé inú ihò náà dúdú fún wọn láti òpin kan dé èkejì. Ilé tí mo fowó mi rà fún wọn ni mo ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Iná ni mo fi jó iná lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìtẹ́ tí wọ́n fi koríko hun, gbogbo ọ̀pá, àti àgò onígi tí mo fi ń yangàn ni mo dáná sun. Mo kó ẹyẹ sínú àgò onírin tí kò ní ìṣẹ́po púpọ̀, mo fún wọn ní ẹ̀ka igi tuntun tí mo kọ́kọ́ da omi híhó sí, mo sì fi fasilíìnì pa orí ẹ̀ka náà níbi tó ti kan àgò, kí èyí tó bá fẹ́ kọjá lè há síbẹ̀. Dókítà kán oògùn sí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lára, ó sì ní kí n máa da omi híhó sí àgò ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, nígbà márùn-ún, bí n kò bá tilẹ̀ rí nǹkan kan mọ́, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti inú ẹyin. Ìgbà kẹta ni n kò rí wọn mọ́. Mo ṣe é pé márùn-ún. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa lẹ́yìn náà fò kúrò nínú ìtẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo wọn kò jẹ́ kí a gbádùn ilé. Títí di òní, mo ń jí lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún pààrọ̀ oúnjẹ, aṣọ funfun lálẹ́ òní, tọ́ọ̀ṣì ní aago méjì, kí ẹ sì wo inú gbogbo ohun tó bá ní ihò.

Ìbéèrè: Ṣé n kò lè kàn fi oògùn iná tí wọ́n ń fín sára adìẹ fín àwọn finch mi?

Ìdáhùn: Adìẹ ńlá lè wọn kílò méjì, finch yín jẹ́ giráàmù 12. Ẹ pín in wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé oògùn yẹn padà sí ibi tí ẹ ti mú un.