Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Ẹ̀yin ará, ẹ má kàn gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tẹ́ ẹ fi ń lọ ọjà Ọba kẹ́ ẹ kọjú sí Oǹdó. Ìjókòó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ jókòó sórí rẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Tó bá ṣì ká, orúnkún á ti máa ro yín kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀wẹnà.

Tiúbù tuntun 2, páǹpù ọwọ́ àti irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì. Bí táyà bá jò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré ki tiúbù tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ rọra fi ìka wá inú táyà yí po, nítorí wáyà tín-ín-rín láti ara táyà ọkọ̀ ńlá tó bẹ́ sójú títì sábà máa ń há síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á gún tuntun náà kíá.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má di bíréèkì mú ṣinṣin títí dé ìsàlẹ̀; ríìmù á gbóná, rọ́bà bíréèkì á sì tètè jẹ tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ gbé omi mímu dání, ó kéré tán, lítà 2.