Ọ̀rá tó ń bá wa délé láti ọjà

Ẹ̀yin ará oko àti ará ilé, ẹ tú ẹrù ọjà yín wò. Ata rodo wà nínú ọ̀rá funfun, wọ́n tún ki ọ̀rá funfun bọ inú ọ̀rá dúdú, ẹran ní tiẹ̀, iyọ̀ ní tiẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n fi kóńgò wọ̀n gba ọ̀rá méjì kó má bàa já lọ́nà, bẹ́ ẹ bá sì ti da ata sínú abọ́ tán, iṣẹ́ ọ̀rá parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá fúnra ẹ̀ ò parí o. Ewé tẹ́ ẹ bá jù sóko á jẹrà, ọ̀rá ò lè jẹrà bẹ́ẹ̀, oòrùn á kàn máa já a sí wẹ́wẹ́, á wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, níbi tó bá sì pọ̀ sí, omi òjò ò ní ráyè wọlẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran, tiyín ló ń dùn mí jù. Iyọ̀ àti oúnjẹ tó kù lára ọ̀rá ni ewúrẹ́ ń tọ̀ lọ, bó bá ti gbé e mì, inú ṣàkì ló máa dúró sí, kò ní dà, kò ní jáde, ọ̀kan á máa lọ́ mọ́ èkejì títí á fi di òṣùṣù. Ẹran á dẹ́kun jíjẹ, inú ẹ̀ á wú, á máa rù, ẹ ó máa rò pé wọ́n ti sà sí i. Ẹ bi alápatà tó ń la ikùn màlúù, á sọ ohun tó ń bá níbẹ̀ fún yín. Torí náà, ẹ so àpò ìdọ̀tí yín rọ̀ síbi tí ẹnu ewúrẹ́ ò lè dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá dáná, ẹ má sì sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín ẹ̀ lóró, àwọn ọmọdé ló ń fà á símú jù. Ẹ má jù ú sí gọ́tà náà. Ìbàdàn ò tíì gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó ti fòfin de páàkì fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ látoṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n tún fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń rajà ló máa sọ fún ìyá aláta pé "ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rá sí i, ìyá, ẹ dà á síbí."

Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí báàgì Ghana-must-go dání, kẹ́ ẹ mú abọ́ onídèérí fún ẹran àti ẹja. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu àmàlà gbígbóná sínú ọ̀rá fún yín. Mọ́ínmọ́ín náà, ewé eéran ló yẹ ẹ́: ẹ pa ewé méjì léra, ẹ ká a bí ìwo, ẹ ṣẹ́ ìdí ẹ̀ sẹ́yìn kó má jò, kẹ́ ẹ tó bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Adùn tí ewé ń fún un, ọ̀rá ò ní in. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ewé yìí fẹ́ràn ibòòji, abẹ́ kòkó ló máa ń ṣe dáadáa sí, ẹ hú ìdí ẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á máa tàn kálẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ ó sì máa já a tà.

Ọ̀rá pure water tẹ́ ẹ fi ń gbin ọmọ kòkó, ìlò tó dáa nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ ṣáà lu ihò sí ìdí ẹ̀ kómi lè máa jáde, tó bá sì dọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ́ ọ sóko, ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátá kí gbòǹgbò má bàa ká mọ́ra wọn níbẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan, ẹ gbé e padà wálé.