Kẹ́ ẹ tó sanwó ìwé orin àtijọ́, ẹ yí i sẹ́yìn wò ná

Ìwé orin tí mò ń sọ yìí ni èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kí rédíò tó dé, orin kan péré, ewé díẹ̀, àwòrán aláràbarà níwájú torí pé àwòrán yẹn ló ń pe oníbàárà. Ẹ má rò pé torí ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, owó ńlá ni o. Àwọn tó tà gan-an nígbà yẹn ṣì kún ilé àwọn arúgbó, dọ́là mélòó kan báyìí lẹ máa rà á.

Ẹ mú rúlà dání. Èyí tó bá fẹ̀ tó ínǹṣì 10½ tó gùn tó 13½, ó jọ pé ó ti ṣáájú 1920 nìyẹn, torí ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí ínǹṣì 9 ní fífẹ̀, 12 ní gígùn, kí bébà má bàa tán. Wàhálà ẹ̀ ni pé àwọn onílé fi sísọ́ọ̀sì gé etí àwọn ńlá yẹn kó lè wọ inú àpótí ìjókòó píánò, tẹ́ ẹ bá rí i tí orúkọ ayàwòrán ti já sí méjì nísàlẹ̀, owó ti lọ nìyẹn.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Mo san dọ́là 40 lórí ìwé kan torí 1909 ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, mo délé, mo yí i sẹ́yìn, ìpolówó orin 1916 ló wà níbẹ̀! Ọdún tí orin jáde ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye ìgbà yòówù kí wọ́n tún un tẹ̀. Kọ́fà náà máa ń yí padà. Maple Leaf Rag ti Scott Joplin, èyí tí John Stark kọ́kọ́ tẹ̀ nílùú Sedalia ní ìpínlẹ̀ Missouri ní 1899, adúláwọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú ẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, àwọn tó jáde lẹ́yìn ìyẹn wá gbé ewé igi síwájú. Orin kan náà o, owó ò bára mu rárá.

Ẹ wá orúkọ ayàwòrán. Ti Starmer pọ̀ bí ẹrùpẹ̀, àmọ́ orin Over There tí Norman Rockwell yàwòrán ẹ̀ ní 1918, táwọn sójà ń kọrin nídìí iná, wọ́n ń dù ú. Tó bá jẹ́ ti E. T. Paull, ẹni tó ń kọ orin tó sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, tí kọ́fà ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ mèremère, ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, àmì tíntìntín ara ojúlówó fọ́n ká bí iyanrìn, tó bá tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè oko, ayédèrú ni, ẹ gbé e sílẹ̀ jàre.

Ẹ máa pàdé àwọn tí wọ́n fi àwòrán sọ adúláwọ̀ di yẹ̀yẹ́, inú á bí yín. Èmi ò lè gbé e kọ́ ògiri mi láéláé, síbẹ̀ ẹ má ya á, àwọn mùsíọ̀mù àtàwọn adúláwọ̀ kan ń kó o pa mọ́ fún ẹ̀rí.

Ní ti iye, iye tí wọ́n ti tà á lórí eBay ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe iye tí ọlọ́jà ń pè. Ìwé orin tó lé ní 29,000 ló wà nínú Levy Collection, àkójọ ìwé orin Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi tiyín wé e. Tó bá sì ya lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ó máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́.