Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Olùdarí Akọrin Tuntun

Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń darí akọrin ìjọ, kò sì sí ohun tí ń bí mi nínú tó kí n máa wo owó ìjọ tí ń ṣòfò lórí ohun tí kò lè kọrin.

Èkínní, ẹ má ṣe fi aṣọ akọrin bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn mẹ́rin (sopránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì) kọ́kọ́ pé.

Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù olówó gọbọi. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe máa tẹ transpose (bọ́tìnì tí ń yí gíga ohùn orin padà) sókè ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan nítorí pé inú ìjọ ń dùn. Ọ̀fun àwọn sopránò yín ni yóò san gbèsè ayọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ṣe fọ́tókọ́pì orin onílà márùn-ún (tí a fi àmì kọ sórí ìlà) fún àwọn tí sólífà (dò, re, mí) nìkan yé.

Èyí tí ó wá ń dùn mí jù ni orin Yorùbá tí ohùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mu, tí a sì tún sanwó fún un. Dò, re, mí ni a fi kọ́ gbogbo wa ní ohùn ọ̀rọ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ìdí kíbọ́ọ̀dù, a ó gbàgbé. Dò-re ni ọ̀run. Re-dò ni ọrùn. Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Mo kọ orin ìkórè kan tí ó ní “Ọ̀run nilé mi,” mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn sọ̀kalẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dùn létí mi. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ, mo sanwó onílù, mo sanwó ayafídíò. Nígbà tí a parí, ìyá àgbà kan pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Olùdarí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọrùn ta ni ilé yín wà?” Fídíò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò jẹ́ fi han ẹnikẹ́ni.

Thomas Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina, Èkó, láti ọdún 1914 sí 1962, ti kọ́ wa pé kí orin Yorùbá máa tọ ipasẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ní àwáwí, nítorí pé ohùn orin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a níbẹ̀. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó yín dá kò ní àwáwí kankan. Ẹ rántí pé báàsì náà ń sọ̀rọ̀: bí sopránò bá gòkè tí báàsì sì sọ̀kalẹ̀, ẹnu kan yóò wí ọ̀run, èkejì yóò wí ọrùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ ọ́ láìsí ohun èlò fún ẹni tí kò rí ìwé rẹ̀ rí. Bí kò bá lè sọ ohun tí ẹ wí, ẹ dá a padà.

Ẹ má ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì múra Hallelujah ti Handel sílẹ̀ de Kérésìmesì. Ẹ má ṣe ra máíkì fún akọrin kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kò ní gbọ́ ara wọn mọ́. Ní ti àwọn tẹ́nọ̀ tí kì í wá sí ìdánrawò àfi alẹ́ Sátidé, n kò ní oògùn wọn.

Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò orin Ọ̀run náà, tí mo ti tún ṣe, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀. A kọ ọ́ nínú òkùnkùn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọ ara wọn débi pé orí mi wú. Láti ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni a ti gbọ́ ìyá àgbà náà tí ó ń bá wa gbè é.